Ẹ̀wù Ẹlẹ́wù Tí Mo Wọ̀ Dé Ọ̀run

Ẹ̀yin ará, ẹ kúkú mọ̀ mí. Ìwé kejì ni mo kà dé tí bàbá mi fi ní kí n wá máa lé ẹyẹ lóko. Bí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, ẹ bá mi tún un ṣe nínú ọkàn yín. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi rí, kò sí ẹni tó lè bá mi tún un ṣe.

Nítorí Ìyá Rẹ̀mí tó ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa ni mo ṣe gbààwẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ ò tíì gbàgbé. Ọmọ jòjòló kan kú ládùúgbò, a wá ń gbàdúrà, gbogbo wa dijú gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa, ni ohùn kan bá dún láti ẹ̀yìn pé òun rí Ìyá Rẹ̀mí tó ń fi ìgbálẹ̀ gbá ẹ̀mí ọmọ náà síta. Ohùn náà sín bí ewúrẹ́, ó tún ń bá ọ̀rọ̀ lọ. A ní ẹ̀mí ló gùn ún. Nígbà tí a lajú, kò sẹ́ni tó ní òun ni. Kò sì sẹ́ni tó máa ní òun rí ẹni tó sọ ọ́, àbí ta ló fẹ́ kí ìjọ gbọ́ pé òun lajú nígbà àdúrà? Láti ọjọ́ náà, wọn kì í kí ìyá yẹn lójú títì mọ́. Ó bi mí pé, "Bàbá Jékọ́bù, ta ló rí mi?" Mo bá bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀.

Lẹ́yìn àdúrà ọ̀sán, ebi gbé mi dùbúlẹ̀ sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ yìí. Oorun gbé mi lọ. Ọkùnrin kan tí ìmọ́lẹ̀ bo ojú rẹ̀ dì mí lọ́rùn ẹ̀wù mú bí ọlọ́pàá ṣe ń di olè mú. Ó ní ó yá.

Ọ̀dọ̀ àwọn òpùrọ́ la kọ́kọ́ dé. Ahọ́n wọn gùn bí okùn kànga, òun náà ni wọ́n fi ń fa omi, garawa wọn ò sì nídìí. Àwọn alágbèrè ru bẹ́ẹ̀dì, wọn ò ríbi sọ ọ́ kalẹ̀. Mo rí onílé kan tó máa ń lé ayálégbé síta nígbà òjò. Ilé tiẹ̀ níbẹ̀ ò ní òrùlé, iná sì ni òjò ibẹ̀. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, amọ̀nà mi wò mí, mo gbé ẹ̀rín mì.

A wá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó rí ohun tí Ọlọ́run ò fi hàn wọ́n. Wọ́n jókòó, ojú wọn ò ní ìpéǹpéjú, ìkòkò wà níwájú kálukú wọn tó ń fi ohùn wọn tún ìran èké wọn sọ. Àga kan ṣófo.

Amọ̀nà mi ní, "Jókòó."

Mo ní kí ni mo ṣe.

"Ẹ̀wù rẹ ló mú ọ wá. Ẹ̀wù la fi ń dá yín mọ̀."

Mo ní ẹ̀wù yìí kì í ṣe tèmi. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ẹni tó bá dé ibẹ̀ ń wí.

Mo wo ara mi. Apá ẹ̀wù náà bo ìka mi mọ́lẹ̀, èmi tí mo kúrú bí ẹsẹ̀ àpótí. Ìgbà yẹn ni mo rántí pé àwọn ìyá ìjọ ló fọ gbogbo ẹ̀wù wa pọ̀ fún ìkórè, wọ́n sá a sórí okùn kan, funfun ni gbogbo rẹ̀, ohun tọ́wọ́ kálukú bà ló mú. Kí n tó lahùn, ìkòkò iwájú àga náà bẹ̀rẹ̀, ó ní òun rí Ìyá Rẹ̀mí pẹ̀lú ìgbálẹ̀, ó sín bí ewúrẹ́, àwọn ẹ̀ṣọ́ ibẹ̀ gbá mi lápá mú, wọ́n gbé mi, ìdí mi fẹ́ kan àga, iná ń lá gìgísẹ̀ mi, mo ki ọwọ́ bọ àpò ẹ̀wù náà, ọwọ́ mi sì kan aṣáà tí wọ́n fi ọ̀rá dì tí omi ìfọṣọ ò fi kàn án.

Aṣáà, ẹ̀yin ará, nínú ìjọ tí kì í fojú kan tábà. Mo nà án sí amọ̀nà mi, mo ní kó gbóòórùn imú mi bóyá mò ń fín in. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbóòórùn, kò rí nǹkan kan níbẹ̀ àfi ebi. Ó ní, "Ẹ gbé e sílẹ̀."

Ó mú mi lọ sí ibi ìsinmi, létí omi tútù. Ẹní Ìyá Rẹ̀mí wà nílẹ̀, ó ń dúró dè é. Tèmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnìkan ti sùn lé e, ó kẹ̀yìn sí wa, ẹ̀wù mi wà lọ́rùn rẹ̀, apá rẹ̀ yọ síta dé ìgúnpá. Mo ní ta nìyẹn.

"Jékọ́bù ni."

"Èmi ni Jékọ́bù!"

"Padà lọ gba ẹ̀wù rẹ, kí ikú má bàa ká ọ mọ́ inú ẹ̀wù ẹlẹ́wù." Ó tì mí, mo jí.

Ẹ̀wù náà rèé, mo fi kọ́ ìṣó yìí, aṣáà ṣì wà lápò rẹ̀. Mo mọ ohun tí àwọn kan ń rò, pé èmi tí mo sọ ìran yìí náà ni mo sọ ti ọjọ́sí. Ẹ wá wọn apá mi. Ẹ̀wù tèmi wà lọ́rùn ẹnìkan níbí, kò sì lè bo ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Kó lọ bẹ Ìyá Rẹ̀mí lórí ìkúnlẹ̀ kó tó wá mú tirẹ̀. Bí kò bá lọ, àga yẹn ṣì ṣófo. Mo rí ẹnìkan tó ti ń fa apá ẹ̀wù rẹ̀ wálẹ̀ láti ìgbà tí mo ti ń sọ̀rọ̀. N ò ní dárúkọ.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká gbàdúrà. Ṣùgbọ́n lónìí, kí ẹnikẹ́ni má dijú.