Pèpéle Tí Mo Sún

Kàmọ́rù, o ní kí n kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ìyàwó mi, kí ẹ lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú tábìlì tí ẹ máa pàtẹ ọkọ̀ ojú irin ìṣeré rẹ̀ sí. O ní kí n sọ bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀, kí n sì sọ ìdí tí ó fi jáwọ́. Mo ti kọ ọ́, mo ti ya á, mo tún ti kọ ọ́, nítorí irọ́ ni mo ń kọ. Kì í ṣe àárẹ̀ ló mú un jáwọ́, kì í sì í ṣe ọjọ́ ogbó. Èmi ni. Kò sí ẹni tó mọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí láyé àfi èmi nìkan, n kò sì fẹ́ gbé e wọ ilẹ̀ lọ. Tí ẹ bá kà á tán, tí ẹ ò bá fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ tábìlì mọ́, n kò ní bínú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí Ìrètí, ọmọ wa, kà á.

Mákánjúọlá ni orúkọ mi. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà, iṣẹ́ ìtọ́jú ilé ìkẹ́rùsí ni mo sì ṣe ní Lẹ́kí títí mo fi fẹ̀yìn tì. Níbi iṣẹ́ mi, gbogbo nǹkan ló ní àyè tirẹ̀, bí mo sì ṣe rí nílé náà nìyẹn. Ọdún tí mo fẹ̀yìn tì ni Ìrètí fi páálí bíríkì ìṣeré kan ránṣẹ́ sí mi láti Kánádà, àwọn bíríkì oníke wẹ́wẹ́ tó ní kókó lórí, tí wọ́n máa ń há mọ́ ara wọn. Ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n máa ń fi tò, pẹ̀lú irin tí yóò rìn lé àti bátìrì tí yóò gbé e. Ìrètí ní, "Dádì, kí ọwọ́ yín má bàa dilẹ̀." Mo tẹ̀ lé ìwé atọ́nà tó bá a wá, ojú ewé sí ojú ewé, n kò fo ohunkóhun. Nígbà tí ẹ́ńjìnì náà yí pálọ̀ wa ká ní Badore, lẹ́yìn Ajah, ó dà bíi pé wọ́n tún gbà mí síṣẹ́. Alájì Kàsímù tó ń gbé ní òdìkejì wa a máa wá wò ó tí wọ́n bá ti kírun tán ní mọ́sáláásí. Ó máa ń sọ pé, "Bàbá Ìrètí, ẹ̀yin náà ti di ọ̀gá tésàn." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi ju bí ó ṣe yẹ lọ.

Ìdí rélùwéè ní Ìkìrun ni Rẹ̀míláyọ̀, ìyàwó mi, ti dàgbà. Ìyá rẹ̀ ń ta ọsàn fún àwọn èrò inú ọkọ̀, òun náà a sì máa gbé àtẹ tẹ̀ lé e. Ní ọjọ́ kan, ó kó àwọn bíríkì tó ṣẹ́ kù nínú páálí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í to kóòṣì, ìyẹn ilé gbọọrọ tí àwọn èrò máa ń jókòó sí lẹ́yìn ẹ́ńjìnì. Kò wo ìwé kankan. Kóòṣì náà gùn ju ohunkóhun tó wà nínú ìwé lọ. Gbogbo ìlẹ̀kùn rẹ̀ pupa, àfi ọ̀kan tó jẹ́ àwọ̀ ewé. Mo ní, "Ìlẹ̀kùn yìí ò bá ìyókù mu." Ó ní, "Nígbà tiwa, tí ìlẹ̀kùn bá jábọ́, èyí tí wọ́n bá rí ni wọ́n fi ń rọ́pò." Mo ní kò sí nínú ìwé. Ó ní, "Bàbá Ìrètí, ìwé yín ò wọ rélùwéè rí." Alájì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kò gbàgbé. Lẹ́yìn kóòṣì, ó to tésàn. Lẹ́yìn tésàn, ó to pèpéle tí àwọn èrò máa ń dúró sí, ó sì to àwọn obìnrin tó gbé àtẹ ọsàn sí orí rẹ̀, ó mọ orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Alájì yọjú sẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ìyá Ìrètí ńkọ́? Rélùwéè ni mo wá wò." Bó ṣe ń béèrè, ẹ́ńjìnì mi ń yípo níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ìwọ náà, Kàmọ́rù, rántí ọjọ́ tí o kọ́kọ́ wá. Láti ibi iṣẹ́ rẹ ní èbúté tó wà ní Ìbẹ̀jú lo ti ya ọ̀dọ̀ wa, ìwọ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ tí ẹ jọ ń to bíríkì. O dọ̀bálẹ̀ kí mi, o wá kọjá lára mi, o lọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú tésàn ìyàwó mi. O ní, "Màmá, ta ló kọ́ yín?" Ó ní, "Ebi ló kọ́ mi. Tí n kò bá mọ ibi tí kóòṣì máa dúró sí, ta ni mo máa ta ọsàn fún?" Gbogbo yín bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni ẹ ti sọ ọ́ di Màmá Rélùwéè. Èmi wá di ọkọ Màmá Rélùwéè, nínú ilé mi, èmi tí mo tú páálí àkọ́kọ́. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní ibi lọ́kàn. Òun náà kò fi ṣe fọ́ńté rí. Kàkà bẹ́ẹ̀, ńṣe ni yóò pè mí pé, "Ẹ bá mi ka kókó ibí yìí, ojú yín mú ju tèmi lọ." Ìyẹn gan-an tún ń bí mi nínú. Mo rò pé àánú mi ló ń ṣe é. Ènìyàn burúkú kì í mọ ìgbà tí wọ́n ń fẹ́ràn rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ẹ pè wá síbi ìpàtẹ yín ní Oniru. Kí ẹni tí kò to bíríkì rí lè mọ ohun tí mo ṣe, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Tí irin bá ṣẹ́ kọ́nà, kóòṣì tó gùn kì í lè tẹ̀ bíi irin. Ńṣe ni ikùn rẹ̀ máa ń yọ sínú kọ́nà. Inú kọ́nà yẹn gan-an ni Rẹ̀míláyọ̀ gbé pèpéle rẹ̀ sí, nítorí bí ti Ìkìrun ṣe rí lójú rẹ̀ nìyẹn. Ó ti dán an wò nílé títí, ó sún un, ó tún un sún, kó tó rí ibi tí kóòṣì yóò ti kọjá, tí àlàfo tó kù kò ju èyí tí èékánná lè wọ̀ lọ. Òun ló fi hàn mí. Ó ní, "Ẹ wò ó, tí èèyàn bá sún un mọ́ irin ní kókó kan péré, ó parí nìyẹn." Bí ìyàwó ṣe ń sọ àṣírí fún ọkọ rẹ̀ ló ṣe sọ ọ́ fún mi.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìpàtẹ náà, a ti to gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì, àwọn èèyàn ti ń wọlé. Ìyá kan mú ọmọbìnrin rẹ̀ wá síwájú ẹ́ńjìnì mi, ó ní kó kí mi. Ọmọ náà ní, "Èmi ò fẹ́ eléyìí, ti Màmá yẹn ni mo fẹ́." Rẹ̀míláyọ̀ ti lọ fọwọ́ nígbà náà. Ìwọ wà ní òpin tábìlì, o ń bá wáyà jà. Mo na ọwọ́ mi, mo ṣí pèpéle náà, mo sún un mọ́ irin ní kókó kan, mo tẹ̀ ẹ́ títí ó fi há. Kò pẹ́ ju kí èèyàn tún ọrùn agbádá rẹ̀ ṣe lọ. Nígbà tí o wá bi mí pé, "Bàbá, ṣé ká dán an wò?", mo ní ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì mi kọ́kọ́ kọjá. Ẹ́ńjìnì mi kúrú. Ó kọjá. O ní, "Kò séwu, Bàbá." Mo mọ̀ pé yóò kọjá, ìdí tí mo fi lò ó nìyẹn. Má ṣe dá ara rẹ lẹ́bi láé.

Rẹ̀míláyọ̀ dé, ó fi kóòṣì rẹ̀ kọ́ ẹ́ńjìnì mi lẹ́yìn, ó tẹ bọ́tìnnì. Àwọn èèyàn na fóònù sókè. Ní kọ́nà, ikùn kóòṣì gbá pèpéle, ẹ́ńjìnì mi kò sì dúró, ó ń fà á lọ. Kóòṣì náà dìde, ó yí, ó já bọ́ sílẹ̀ lórí táìsì, ó fọ́ yángá. Àwọn obìnrin ọlọ́sàn yí lọ sáàárín ẹsẹ̀ àwọn èèyàn. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ì bá sàn kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Rẹ̀míláyọ̀ kúnlẹ̀, ó ń ṣa wọ́n, ó ń sọ pé, "Mo kà á. Mo kà á dáadáa." O ní, "Màmá, ẹ fi sílẹ̀, a máa tún un tò." Ó gbójú sókè, ó wo pèpéle, ó wá wò mí. "Bàbá Ìrètí, ṣé ibi tí mo gbé e sí nílé náà nìyí?"

Mo ní, "Ibẹ̀ náà ni."

Ibi tí mo ti ṣe ibi tó burú jù nìyẹn, kì í ṣe ìgbà tí mo sún pèpéle. Nítorí mo mọ ohun tó ń béèrè. Kí ìyá rẹ̀ tó kú, orí ìyá náà ti dàrú, kò mọ ọmọ rẹ̀ mọ́, a máa bi í pé mélòó ló fẹ́ rà nínú ọsàn. Kò sí ohun tí ìyàwó mi ń bẹ̀rù láyé bí ìyẹn. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì wo ojú rẹ̀, ìdáhùn mi sì sọ fún un pé ti ìyá rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ lára òun náà.

Kò to bíríkì mọ́. Ó kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò, ó tì í sábẹ́ ibùsùn. Tó bá wá kọ́kọ́rọ́ tí kò tètè rí i, yóò ní, "Ẹ rí i?" Tó bá ń se ọbẹ̀, yóò gbé ṣíbí wá fún mi: "Ṣé mo ti fi iyọ̀ sí i?" Kò wakọ̀ mọ́, kò dá lọ sọ́jà mọ́. Ohun gbogbo, ó ń bi mí. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ń tì mí lójú jù: inú mi dùn. Mo tún ti di ọ̀gá tésàn. Dókítà ní kò sí ohun tó ṣe orí rẹ̀. Nígbà tí a ń bọ̀ wálé, ó ní, "Dókítà ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà." Mo ń wakọ̀ lọ. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru dá a dùbúlẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́." Mo ní kó sùn. Ó sùn, kò jí.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni Ìrètí pè mí. Ó ní òun ń gbàgbé orúkọ àwọn èèyàn níbi iṣẹ́. Ó ní ó ṣe ìyá ìyá òun, ó ṣe ìyá òun, ó wá kan òun. Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, mo fa àpò náà jáde lábẹ́ ibùsùn. Mo to kóòṣì náà padà, pẹ̀lú ìlẹ̀kùn aláwọ̀ ewé rẹ̀. Mo gbé pèpéle sí ibi tí Rẹ̀míláyọ̀ gbé e sí. N kò tíì gbà títí di ọjọ́ náà pé ó mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Mo tẹ bọ́tìnnì. Kóòṣì dé kọ́nà, ikùn rẹ̀ yọ, ó kọjá. Mo jẹ́ kó máa kọjá títí bátìrì fi kú.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ jọ ń to nǹkan, tí ọwọ́ ẹnìkejì yín bá dára ju tiyín lọ, ẹ fi ẹnu yín sọ fún un lójú ayé. Kàmọ́rù, ẹ gbé pèpéle sí ibi tí mo ti sàmì sí, kí ẹ sì fi ẹ́ńjìnì ẹlòmíràn fa kóòṣì ìyàwó mi. Ìrètí, ó yẹ kí n ti tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ ìyá rẹ, mo sì jẹ́ kó pẹ́ jù. Ìwọ nìkan ló kù tí mo lè bẹ̀. Bí o bá dárí jì mí, bí o kò sì dárí jì mí, mọ èyí: ti ìyá àgbà jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n orí ìyá rẹ pé. Ó kà á dáadáa.