Orí Tó Wà Lábẹ́ Òkúta Tanisawa

Ẹ dúró ná. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì da omi yẹn sórí òkúta. Àlùfáà, ẹ ká ìwé àdúrà yín kò díẹ̀, nítorí ẹni tó ni orúkọ tí ẹ fẹ́ pè yẹn kò sí níbí, kò sì fìgbà kankan sí níbí rí. Lọ́dọọdún, bí ọdún àwọn òkú bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹ̀yin ará Tanisawa á wá ro koríko ìdí òkúta yìí, ẹ ó gbé ìrẹsì àti òdòdó síwájú rẹ̀, ẹ ó wá máa kí Olúwa Mizuochi káàbọ̀ sílé. Láti ayé àwọn ìyá ìyá yín ni mo ti ń wò yín láti abẹ́ igi eléso dídùn tí ẹ ń pè ní kákì tó wà lọ́hùn-ún yẹn. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Irọ́ tèmi ti ju ogún ọdún lọ fíìfíì, èmi ni mo sì di òtítọ́ lẹ́sẹ̀ mú tí kò fi lè lé e. Ó ti rẹ̀ mí. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ lónìí kí n sinmi.

Ìyá tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yẹn, mo gbọ́ ohun tí ẹ wí. Ẹ ní, "Baba oníbárà yìí ti mu ọtí ìrẹsì kó tó fẹnu kan oúnjẹ." Ọtí kò pa mí, ìyá. Ó ti pẹ́ tí ọtí ti ń gba ẹnu mi wọlé tí kì í ṣe mí ní nǹkan kan. Ẹ wo ọrùn mi. Ọfà ló dá ihò yìí lu, ó gba iwájú wọlé, ó gba ẹ̀yìn jáde, òwú ni mo fi dí i kí ohùn mi má baà máa gba ibẹ̀ sá lọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́mọkùnrin, ẹ má sá. Bó bá jẹ́ pé mo fẹ́ pa yín ni, mi ò ní kọ́kọ́ dúró kí yín. Èmi ni Kuzumi Tadakage tó jẹ olúwa àfonífojì yìí nígbà kan, ẹni tí àwọn ìyá yín fi ń dẹ́rù ba ọmọ tó bá kọ̀ tí kò sùn.

Wọn ò bí mi ní ìkà. Ilé ọlá ni wọ́n bí mi sí, mo sì níwà nígbà èwe mi. Lọ́dún tí òtútù pa ìrẹsì lóko, mo já ilẹ̀kùn àká bàbá mi, mo ní kí àwọn àgbẹ̀ wá kó tinú rẹ̀ lọ sílé. Bàbá mi nà mí lójú àwọn ìránṣẹ́, mo ń rẹ́rìn-ín bí ó ti ń nà mí. Wọ́n sọ mí ní Tadakage Olódodo. Orúkọ yẹn dùn mọ́ mi ju oúnjẹ lọ. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé ẹni tí ìyìn ń pa bí ebi lè ṣe ohunkóhun lọ́jọ́ tí ìyìn bá wọ́n.

Ìyá tó bí mi kì í fọwọ́ kan mi àfi lọ́jọ́ ọdún. Otane ló fún mi lọ́mú. Ó gbé ọmú kan fún mi, ó gbé ìkejì fún Sakuzō ọmọ tirẹ̀, a jọ ń wo ara wa lójú láti orí àyà kan náà. Nígbà tí mo di jagunjagun, Sakuzō ló ń ru ọ̀kọ̀ mi. Lójú àwọn èèyàn, yóò dojú bolẹ̀, yóò ní, "Olúwa mi." Bó bá ku àwa méjì, yóò ní, "Tada, o ti sanra jù, ẹṣin yìí máa tó fẹjọ́ rẹ sùn." Èso kákì tí wọ́n sá gbẹ ló fẹ́ràn jù láyé. Ó máa ń kó o sábẹ́ ìgbàyà irin rẹ̀ lọ sójú ogun, ó ní bí ọ̀tá bá gún òun níbẹ̀, kí ọ̀tá náà kọ́kọ́ jẹun.

Ogun wá dé láàrin ọba wa, Kurohata, àti Olúwa Mizuochi tó ń jọba ní òkè odò. Ọba kéde pé ẹni tó bá gbé orí Mizuochi wá, òun yóò fún un ní gbogbo àfonífojì Tanisawa. Èmi ni àbíkẹ́yìn ilé wa. Ẹ̀gbọ́n mi, Tadamune, ló máa jogún gbogbo nǹkan, èmi ò sì ní ju orúkọ rere lọ. Mo wo àfonífojì yìí láti orí òkè lọ́jọ́ náà, mo sì fẹ́ ẹ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ẹ̀ṣẹ̀ ńlá máa ń kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé, irọ́ ló pa. Bí mo ti fẹ́ ilẹ̀ yìí yẹn náà ni, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lónìí ò mọ bí a ti ń ṣe é nígbà náà. Bí ogun bá tán, àwọn obìnrin ààfin ló ń fọ orí àwọn tí a pa. Wọ́n á ya irun rẹ̀, wọ́n á fi lẹ́búlẹ́bú pa á lójú, kí ọba tó jókòó wò ó. Àwọn ìjòyè ńlá ayé ìgbà yẹn máa ń kun eyín wọn dúdú, nítorí náà, eyín ni a kọ́kọ́ ń wò. Orí eléyín funfun, orí mẹ̀kúnnù ni, kòtò ni wọ́n ń dà á sí, a kì í béèrè orúkọ rẹ̀. Orí eléyín dúdú ló ń rí òkúta, òun ló ń rí àlùfáà, ẹni tó gbé e wá ló sì ń gba ẹ̀bùn.

Kùrukùru bolẹ̀ lọ́jọ́ ogun náà. Mo lé Mizuochi dé etí odò, ó fò sómi pẹ̀lú gbogbo irin ara rẹ̀, kò sì yọrí sókè mọ́. Akoto rẹ̀ nìkan ló bọ́ sílẹ̀ létí odò, tí wọ́n ya àmì ẹyẹ sí níwájú. Mo dúró níbẹ̀, mo ń wo omi, ó dà bíi pé àfonífojì mi ló ń ṣàn lọ. Tadamune gun ẹṣin kọjá lẹ́yìn mi, ó so orí méjì mọ́ gàárì. Ó kígbe pé, "Olódodo! Orí tìẹ dà? Àbí o tún ti pín in fún àwọn àgbẹ̀ jẹ?" Àwọn ọmọ ogun tó tẹ̀ lé e rẹ́rìn-ín. Mo ń gbọ́ ẹ̀rín yẹn títí wọ́n fi wọ inú kùrukùru.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn Sakuzō nínú koríko. Wọ́n ti gún un nítan, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọgbẹ́ tó lè pa á. Ó ní, "Tada, ìwọ rèé? Mo ti rò pé o ti kú. Ǹ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ebi ni kò jẹ́." Ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ ìgbàyà, ó mú kákì kan jáde, ó ti tẹ̀ pẹlẹbẹ. Ó ya á sí méjì, ó wò ó, ó sì fún mi ní èyí tó tóbi. Mo gbà á. Ẹ gbọ́ mi o, mo jẹ ẹ́. Mo ń jẹ ẹ́, mo ń wo ojú rẹ̀, mo ń rò ó pé ọjọ́ orí rẹ̀ kò jìnnà sí ti Mizuochi, pé kò sẹ́ni tó rí ojú Mizuochi rí ní ibùdó wa, àti pé akoto wà lọ́wọ́ mi. Mo kúnlẹ̀. Ó rò pé mo fẹ́ bá òun tú okùn akoto tirẹ̀ ni, ó sì gbé àgbọ̀n sókè fún mi fúnra rẹ̀. Ó ní, "Rọra o, okùn yẹn ti bó mi lọ́rùn." Ohun tó sọ kẹ́yìn láyé nìyẹn. Mo lọ sọ fún gbogbo ayé pé odò ló gbé Sakuzō lọ.

Mo wé orí náà sínú aṣọ mi, mo gbé e lọ bá àwọn obìnrin. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Oshino, gbogbo wa mọ̀ pé bí o bá fún un ní ìyarun dáadáa, á bá ẹ kun eyín orí tálákà, yóò di ìjòyè. Òun ni mo ń wá. Wọ́n ní inú ń rú u, ó ń bì lẹ́yìn ilé. Otane ló wá na ọwọ́, ó gba ẹrù náà lọ́wọ́ mi. Mi ò rántí pé àwọn ìyá ààfin, tí òun náà ti di ara wọn, ń bá wọn fọ orí. Ẹni tí mo mu ọmú rẹ̀, mi ò tilẹ̀ mọ iṣẹ́ tó ń ṣe.

Ó tú u. Ọmọge kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yọjú wò ó, ó ní, "Háà, èyí rẹwà o! Ká ní ẹ gbé e wá pẹ̀lú ara ni, ǹ bá fẹ́ ẹ." Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Otane kò rẹ́rìn-ín, kò sì ké. Ó wo orí náà, ó wò mí, ó tún wo orí náà. Ó bu omi gbígbóná, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ irun rẹ̀ bí ẹni ń wẹ ọmọ tí kò fẹ́ kó jí. Ó tú omi dúdú tí wọ́n fi irin àti ọtí kíkan ṣe, ó mú ìyẹ́ ẹyẹ, ó kun eyín rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò kánjú. Nígbà tí ìránṣẹ́ ọba dé, ó ní, "Ìyá, ṣé orí ìjòyè nìyí lóòótọ́?" Otane dáhùn pé, "Ìjòyè ni, olúwa mi. Ẹ wo eyín rẹ̀." Bó bá sọ òtítọ́, wọn ì bá bẹ́ mi lórí, ṣùgbọ́n wọn ì bá ju orí ọmọ rẹ̀ sí kòtò. Ó yan òkúta fún un. Bó ti ń kọjá lára mi, ó rọra sọ pé, "Ọmọ méjì ni mo fún lọ́mú. Ọ̀kan ti lọ. Èyí tó kù kò ní kú." Títí di òní, mi ò mọ̀ bóyá èpè ni tàbí àdúrà.

Mo gba àfonífojì. Mo gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn bàbá ńlá yín títí kan èyí tí wọ́n fẹ́ fi gbìn, èmi tí mo já àká nítorí wọn. Otane kó wá sí abúlé yìí, ó ń gbálẹ̀ ìdí òkúta, ó ń gbé kákì síwájú rẹ̀. Àwọn èèyàn ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ìyá yìí fẹ́ràn ọ̀tá ju ọmọ ẹ̀ tó bómi lọ." Ó ń gbálẹ̀ rẹ̀ lọ ni. Nígbà tó ń kú lọ, ó ránṣẹ́ pè mí. Ó ní, "Ọmọ mi, mi ò ní kí o fi oyè sílẹ̀. Lọ síbẹ̀ kí o pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Orúkọ ẹlòmíì ló ń gbọ́ látọjọ́ yìí. Kò mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bu ìrẹsì fún." Mo ní mo ti gbọ́. Mo gun ẹṣin dé ibi tí mo dúró sí yìí gan-an. Àwọn àgbẹ̀ wà níbí, àwọn ọmọ ogun mi wà lẹ́yìn mi. Mo lanu. Mo rò ó pé bí wọ́n bá gbọ́, ilẹ̀ mi ti lọ nìyẹn. Mo yí ẹṣin padà. Otane kú nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ń retí mi. Mo pa Sakuzō, ó burú. Ṣùgbọ́n èyí ni mo kà sí èyí tó burú jù, nítorí orúkọ lásán ló bẹ̀ mí kí n pè.

Lọ́dún náà ni ọfà yìí bà mí. Mo ṣubú, mo dìde. Láti ìgbà náà, ẹ̀rù kì í bà mí, àánú kì í ṣe mí, inú mi kì í dùn. Oríṣiríṣi ọba ló lò mí, wọ́n ń tì mí síwájú ogun bí ọdẹ ṣe ń ti ajá síwájú. Mo ti dúró láàrin ilé tó ń jó, tí ọmọ ń ké, mo sì ń gbìyànjú láti rántí ohun tí èèyàn ń ṣe bó bá rí bẹ́ẹ̀. Mo mọ ibi tí àánú yẹ kó wà, bí ẹni ń fi ahọ́n wá eyín tó ti ká. Ẹ má retí omijé lójú mi. Àárẹ̀ nìkan ló ṣẹ́kù.

Ìyá, ẹ ò rẹ́rìn-ín mọ́. Mo rí i pé ẹ ti gbé agbọ̀n yín wá síwájú. Ẹ ní kí n wá pè é fúnra mi, pé ẹnu ẹlòmíì kò ní ṣe é. Òótọ́ lẹ sọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá ṣẹ ẹnì kan tí ó sì ní kí ẹ ṣe ohun kékeré kan fún òun, ẹ tètè lọ ṣe é, torí ohun kékeré yẹn yóò le ju ogun lọ bí ẹ bá fi dọ̀la. Ẹ bá mi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀.

Sakuzō o! Sakuzō ọmọ Otane! Ìrẹsì yìí, tìẹ ni. Látọjọ́ yìí, tìẹ ni gbogbo rẹ̀. Èmi Tada ni mo pa ẹ́.

Ẹ wò ó, òwú ọrùn mi ti rin. Ẹ̀jẹ̀ ni, èyí tí kò sun mọ́ látọjọ́ ọfà, ó sì gbóná. Ìyá, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu láti dì í, kì í ṣe ọrùn ló ń dùn mí. Ó dùn mí. Áà, ó mà dùn mí o. Kákì wo lẹ mú lọ́wọ́ yẹn? Ẹ ya á sí méjì, ìyá. Ẹ fún un ní èyí tó tóbi.