Etí La Fi Ń Wò Ó

Sátidé tó kọjá, níbi tá a ti ń dúró de onígbàjámọ̀ ní Peckham, nílùú òyìnbó níbí, bàbá kan àti ọ̀dọ́kùnrin tó jókòó tì wọ́n ń jiyàn lórí àwọn abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò, ti àtijọ́ àti ti ìsinsìnyí.

“Uncle, ẹ má bínú o, tiwa máa na champion yín yẹn ní round méjì péré. Ẹ wo size ẹ̀ nìkan!”

“Size kẹ̀? Ṣé ẹrù ni wọ́n ní kó wá gbé ni? Tèmi ò pàdánù rí.”

“Ah, Uncle! Ó pàdánù o. Ṣé ẹ tiẹ̀ rí i níbi tó ti ń jà?”

“A ò ní tẹlifíṣọ̀n nígbà yẹn. Gbogbo agboolé ló máa ń pé jọ sídìí rédíò bàbá mi. Etí la fi ń wò ó.”

Mo tún ọ̀rọ̀ yẹn sọ lábẹ́ ahọ́n mi. Etí la fi ń wò ó.

“Tí wọ́n bá wá ń lù ú bolẹ̀ ńkọ́?”

“Bàbá mi á yára pa rédíò. Wọ́n á ní bátìrì ti kú, kí kálukú máa lọ. Nílé tiwa, kò pàdánù rí.”

Ẹ̀rín pa gbogbo wa. Onígbàjámọ̀ pàápàá gbé ẹ̀rọ kúrò lórí ẹni tó ń gẹrun fún.

“So, ìgbà wo lẹ wá mọ̀?”

“Ìgbà tí mo dé ìlú yìí ni. Ọmọ mi obìnrin ló fi fídíò ẹ̀ hàn mí lórí fóònù. Mo rí i tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ń gbọ̀n, tó fẹ́ ṣubú.”

“Kí lẹ wá ṣe?”

“Mo ní, ‘Pa á, bátìrì ti kú.’”