Ohun Tí Mo Sọ Nídìí Ọdán Ilé Fákẹ́yẹ

Ẹ̀yin tí ohùn yìí bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ọ dé ìparí kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Èmi ni Ògúnkọ̀yà tí ń tún fóònù ṣe ní Oko-Akarè, tí gbogbo yín ń gbé fóònù wá fún kí iná lè wọ̀ ọ́. Ọdún mẹ́ta ni mo ti gbé irọ́ kan mì. Mo ní láti pọ̀ ọ́ jáde lónìí, nítorí pé ọmọ ọlọ́mọ kò lè wọ ilé baba rẹ̀ nítorí mi.

Igi ọdán kan wà ní agbolé Bàbá Fákẹ́yẹ, ẹ̀yìn ògiri mi gan-an. Lọ́dọọdún ni àwọn lékèélékèé ń pamọ sórí rẹ̀, ìgbẹ́ wọn a sì dà sórí sólà mi bí ẹfun. Bí ohun tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ péré bá bo ojú sólà, iná rẹ̀ á rẹlẹ̀. Mo ti dán an wò. Mo lè gbé e kúrò níbẹ̀. Òpó mẹ́rin àti okùn ni ì bá gbà. Ṣùgbọ́n mo ti fara balẹ̀ wọn ibi tí oòrùn ti ń kàn án jù, mo sì ní ẹyẹ kò ní lé mi. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí gbogbo ilé lọ sóko, mo fi irin káfíńtà lu ihò mẹ́fà yí ìdí igi náà ká, ihò tó dagẹ̀rẹ̀ wọnú kí nǹkan má baà ṣàn jáde. Mo rọ oògùn apakoríko sí i, mo nu oje funfun tó ń sun, mo fi amọ̀ dí i, mo lẹ èèpo mọ́ ọn. Ẹ gbọ́ bí ẹnu mi ṣe ń dùn, bí ẹni ń kọ́ ọmọ níṣẹ́!

Kí oṣù méjì tó pé, ewé ti rẹ̀ tán. Atẹ́gùn òjò kan dé, ẹ̀ka gbígbẹ já tìtẹ́tìtẹ́, ọmọ ẹyẹ kún ilẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo ló ṣì ń mí. Mo gbé e sínú igbá lábẹ́ gílóòbù kékeré kí ara rẹ̀ lè móoru. Mo fi oúnjẹ sí i lẹ́nu, kò gbà. Ọjọ́ kejì ni mo tó mọ̀ pé ọmọ lékèélékèé kì í kàn yanu sílẹ̀. Ẹnu ìyá rẹ̀ ló máa ń gbá mú ní ìbú, á sì máa fà á wálẹ̀. Mo fi ẹ̀mú iṣẹ́ mi mú tata, mo nà án sí i, ó gbá a mú, tata yọ̀ lọ sọ́fun rẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ẹni tó sọ ọ́ di ọmọ òrukàn.

Ẹfúnwùmí, ìyá Armand, opó kan nínú agbolé náà, ló ń bá mi wá tata. “Ìyá Lékèélékèé, ṣé ọmọ rẹ ti jẹun?” ló fi ń kí mi, á sì bú sẹ́rìn-ín. Èmi tí n kò láya, tí n kò lọ́mọ, mo wá ń retí ẹsẹ̀ rẹ̀ láràárọ̀.

Ìdí ọdán yẹn ni àwọn ará agbolé ti ń bọ àwọn baba ńlá wọn. Armand nìkan ló ti wọ ìjọ Sẹ̀lẹ́, ó sì ti da igbá omi àdúrà oníyọ̀ kan síbẹ̀ lójú gbogbo ayé. Nígbà tí igi kú, òun ni wọ́n nawọ́ sí. Bàbá Fákẹ́yẹ, olórí ilé, kò kánjú. Ó ní, “Ẹ pe Ògúnkọ̀yà. Ó mọ bí nǹkan ṣe ń ṣiṣẹ́, ó sì láàánú. Ẹ ò rí i pẹ̀lú ẹyẹ ni?” Mo wá, mo kúnlẹ̀, mo ń fọwọ́ wá ìdí igi kiri. Ìka mi kan amọ̀ tí mo fi dí ihò. Armand ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó dáadáa o,” ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Mo fi àtàǹpàkò tẹ amọ̀ náà kó má baà ṣí, mo dìde, mo ní, “Iyọ̀ ni. Iyọ̀ ló jó gbòǹgbò rẹ̀.” Igbá omi kan ṣoṣo! Mo mọ̀ pé kò lè ṣe ọdán ní nǹkan kan. Pípa tí mo pa igi burú. Gbólóhùn yẹn ló burú jù. Armand kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rò pé mò ń ṣàwàdà. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti ju ẹrù rẹ̀ síta.

Ẹyẹ náà gbó, ó fò lọ. Ìyá Armand kò yé wá sọ́dọ̀ mi. Láti ìgbà tí wọ́n ti lé ọmọ rẹ̀, kò rí ẹlòmíràn bá sọ̀rọ̀. “O ṣàánú ẹyẹ,” á wí, “Ọlọ́run á ṣàánú ìwọ náà.” Mo máa ń ṣe àmín! Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, ó ṣubú lẹ́nu kànga. Àwọn ará ilé wà lóko. Láti àárọ̀ títí di ọ̀sán gangan ló fi wà nílẹ̀ kí n tó rí i. Mo gbé e wọlé, ó di ọwọ́ mi mú, ó sì pè mí ní Armand. Ibẹ̀ ni mo ti jẹ́wọ́.

Kò pariwo. Ó yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú tèmi. Ó ní, “Lọ fi ihò wọ̀nyẹn han Bàbá Fákẹ́yẹ.” Mo ti fi hàn án. Ó ní, “Sọ ọ́ sínú fóònù, kó dé etí ọmọ mi. Má sì mẹ́nu kan ẹyẹ.” Ẹ sì rí i pé mo ti mẹ́nu kàn án, n kò tíì jáwọ́ nínú wíwá ìyìn.

Armand, ìhà Kútọnu ni wọ́n ní wọ́n ti rí ọ gbẹ̀yìn. Bàbá Fákẹ́yẹ ní ilẹ̀kùn rẹ ti ṣí, òun yóò sì bẹ̀ ọ́ lójú gbogbo ilé. Èmi náà bẹ̀ ọ́, àbúrò mi, ṣùgbọ́n má dúró de ìgbà tí o bá lè dárí jì mí. Wálé ná. Bí o kò bá kí mi títí n ó fi kú, ó tọ́ sí mi. Màmá rẹ ló jókòó síhìn-ín yìí. Mo na fóònù sí i pé kó bá ọ sọ̀rọ̀, ó yíjú. Ó ní òun kò ní gbẹ́nu lé ohun tí ọwọ́ mi bá dì mú.