Ẹni Tí Kì í Sá fún Òjò

Nínú mọ́tò tó ń ti Ọ̀wọ̀ lọ sí Ìpele ni mo ti gbọ́ ọ bí ìyá kan ṣe ń bẹ bàbá kan tó máa ń la gọ́tà pé kó gba ọmọ òun obìnrin, kó kọ́ ọ níṣẹ́.

“Ó ti jáde ní poli, ọ̀gá. Iṣẹ́ yín ló wù ú. Ọdún mélòó ni yóò fi kọ́ ọ?”

“Ṣé ó máa ń sá fún òjò?”

“Ta ni kì í sá fún òjò?”

“Èmi!” Bàbá náà rẹ́rìn-ín. “Odidi ọdún kan ni ọ̀gá mi fi ní kí n máa tẹ̀ lé omi kiri nínú òjò, kó tó gbé ṣọ́bìrì lé mi lọ́wọ́. Omi ti mọ ibi tó ń lọ, màmá. Tí ọmọ yín bá ti mọ̀ ọ́n, a ó wá kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń da kọnkéré.”

“Àwọn èèyàn á ní orí rẹ̀ ti yí.”

“Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá tèmi náà. Tí òjò bá ti ṣú, kó máa bọ̀.”

Omi ti mọ ibi tó ń lọ. Èmi tí mò ń kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ kiri kò mọ̀ ọ́n; ọ̀rọ̀ náà dùn mí, ó sì tún tù mí lára. Òjò ti ń rọ̀ nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo èèyàn sá sábẹ́ páànù. Èmi dúró, mò ń wo ibi tí omi ń gbà.