Ìtàn Bàbá Bàbá Mi Ni Mo Fún Méyọ̀ Òyìnbó

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán kí ẹ tó bú mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà níkùn mi láti ìgbà òtútù tó kọjá. Mi ò sọ fún ọkọ mi, mi ò sọ fún pásítọ̀. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ yìí ni obìnrin kan máa wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí ìlú bàbá ẹ̀ lọ dójú ti ara ẹ̀, èmi ni mo sì fi irọ́ tó fẹ́ lọ pa sí i lẹ́nu. Ìdí tí mo fi ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ó ti sú mi. Èmi gan-an ti sú ara mi.

Hyattsville, l'Amẹ́ríkà níbí, ni mò ń gbé, iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà ni mò ń ṣe. Cheverly nítòsí ibẹ̀ ni mo ti tọ́jú bàbá òyìnbó kan, ará Slofẹ́níà. Kì í ṣe Slofákíà o! Ẹ ṣì í pè lójú bàbá, ẹ ti fọwọ́ fa wàhálà nìyẹn. Bàbá ti ṣe méyọ̀, ìyẹn alákòóso ìlú, ní ìlú wọn rí, ó sì wà lára àwọn òṣèlú wọn nígbà tí orílẹ̀-èdè náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dá dúró. Àsíá wọn ló gbé kọ́ sójú wíńdò. Ana, ọmọ ẹ̀ kan ṣoṣo, ló mú un wá sí Amẹ́ríkà nígbà tí ìyàwó ẹ̀ kú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kì í jẹ́ kí Ana gbélé.

Tí bàbá bá ti jẹun ọ̀sán tán, á ní kí n jókòó, á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn ayé ẹ̀ fún mi. Ojoojúmọ́! Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ ò sì já gaara. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba tèmi rò. Ìyá mi ń ṣàìsàn n'Ìbàdàn, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ń bára wa jà lórí Wọ́sáàpù nítorí ẹni tó máa mú wọn sọ́dọ̀. Mo máa ń ki íàpíìsì bọ etí kí n lè gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nílé, mo máa fi irun bò ó. Tí bàbá bá ti dánu dúró díẹ̀, mo máa ní, "Hẹ̀n-ẹ́n, Papa."

Ẹ mọ bí àwa Yorùbá ṣe ń ṣe. Àgbà ń sọ̀rọ̀, ọmọ ń ṣe hẹ̀n-ẹ́n, ìwà ọmọlúàbí ni. Hẹ̀n-ẹ́n yẹn ló tan bàbá jẹ. Mo gbọ́ afárá, mo gbọ́ òjò, èyí tó kù bá atẹ́gùn lọ. Tó bá parí, á wò mí lójú, á ní, "Ṣé o gbọ́?" Èmi náà á ní, "Mo gbọ́, Papa."

Bàbá kú. Lẹ́yìn ìsìnkú, Ana dì mí lọ́wọ́ mú ní kíṣìnnì, ó bú sẹ́kún. Ó ní ìṣèlú ni bàbá òun fi gbogbo ayé ẹ̀ ṣe, kò ráyè tòun, òun náà bá kẹ̀yìn sí i. Nígbà tó wá fẹ́ sọ̀rọ̀, òun ò gbọ́. "Ìwọ ló sọ gbogbo ẹ̀ fún. Jọ̀ọ́, sọ ọ́ fún mi."

Ẹ gbà mí o! Ṣé kí n ní mi ò gbọ́ ni? Kí ló dé tí bàbá ò rí ẹlòmíì sọ ọ́ fún ná? Mo la ẹnu, ìtàn bàbá bàbá mi ló jáde, ẹni tó jẹ baálẹ̀ abúlé wa nítòsí Ọ̀yọ́. Mo ní bàbá ẹ̀ dùbúlẹ̀ síwájú katakátá tó fẹ́ wú ilẹ̀ ìlú. Bàbá bàbá mi ló dùbúlẹ̀ o! Ana ní, "Katakátá kẹ̀? Ọkọ̀ ogun ló máa jẹ́, nígbà tá à ń jà fún òmìnira!" Mo ní, "Hẹ̀n-ẹ́n, ọkọ̀ ogun ni."

Ó yẹ kí n dákẹ́ síbẹ̀. Mi ò dákẹ́. Mo tún ní lọ́jọ́ tí bàbá di méyọ̀, àwọn àgbà ìlú fi ewé lé e lórí. Ewé! Ta ló ń fi ewé jẹ méyọ̀ lọ́dọ̀ òyìnbó? Mo rò pé àṣírí ti tú. Ana bá fò dìde, ó ní ewé igi líńdẹ̀n ni, pé igi tí gbogbo orílẹ̀-èdè àwọn ń fi yangàn nìyẹn. Ó sunkún ayọ̀ títí. Irọ́ tí mo bí, òun ló gbé e pọ̀n.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ ń bá a. Tèmi ò tilẹ̀ tíì pé ọdún kan. Àwọn ará ìlú bàbá fẹ́ fi orúkọ ẹ̀ sọ gbọ̀ngàn kan, wọ́n ní kí ọmọ ẹ̀ wá sọ̀rọ̀. Ana ti kọ́ ìtàn náà sórí, àtewé àtọkọ̀ ogun. Àwọn tó bá bàbá ṣiṣẹ́ ṣì wà láyé, iwájú ni wọ́n máa jókòó sí. Wọ́n á máa wo ara wọn lójú. Wọ́n á fi ọmọ tó ń wá bàbá ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́.

Lánàá, mo lọ bá a nílé. Mo ní, "Ana, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá ẹ sọ." Ó pa fóònù ẹ̀, ó jókòó, ó tẹjú mọ́ mi lẹ́nu. Ó ní, "Sọ ọ́, mò ń gbọ́." Lóòótọ́ ló sì ń gbọ́. Omi bọ́ lójú mi. Mo ní kó lọ ire, kó bọ̀ ire.

Tí mo bá sọ òótọ́, mo gba bàbá ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Tí mi ò bá sọ ọ́, ìlú á fi í rẹ́rìn-ín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun, kí ni kí n ṣe kó tó di Ọjọ́bọ̀? Ẹ bú mi tẹ́ ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ sọ̀rọ̀. Mo ti yọ íàpíìsì létí. Mò ń gbọ́.