Bí Mo Ṣe Ta Kuako, Ẹni Tó Jagun Nípò Mi

Ẹ̀yin ará, ẹ sún mọ́ ibùsùn yìí, nítorí ohùn mi kò lọ jìnnà mọ́. Dókítà ti kó àpò rẹ̀ lọ láìsọ ìgbà tó máa padà wá, mo sì mọ ohun tíyẹn túmọ̀ sí. Ẹ ní ẹ wá bi mí bóyá n ó lè sọ̀rọ̀ fáwọn ọ̀dọ́ lọ́jọ́ àjọ̀dún òmìnira, pé èmi Asahẹli Bírígì ni baba òmìnira ìlú yìí. Ẹ dákun, ẹ gba orúkọ yẹn lọ́rùn mi kí n tó kú. Ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́fun látọdún pípẹ́ bí egungun ẹja, kò wọlé, kò jáde. Pásítọ̀, ẹ jókòó. Lónìí ni n ó pọ̀ ọ́ síta.

Ẹ̀yin àgbà inú yín á rántí bí mo ṣe rí nígbà tí ọ̀rọ̀ àwa àti ọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Kò sẹ́ni tó lẹ́nu tó mi ní gbogbo etí odò Kọnẹ́tíkọ́ọ̀tì. Ọba tó wà lókè òkun, tí kò mọ ọ̀nà oko wa, ló ń bu owó orí lé tíì tí à ń mu, kò sì sí ẹni wa kankan níbi tí wọ́n ti ń ṣòfin. Mo gun orí àgbá ọtí ápù níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì pariwo pé, “Kàkà kí n jẹ́ ẹrú ọba, ikú yá jẹ̀sín!” Ṣe ni àwọn ènìyàn ń ju fìlà sókè. Kuako wà níbẹ̀. Òun ló di àgbá náà mú kó má baà yí mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Ẹrú mi ni. Bàbá mi ló rà á lọ́mọdé, èmi sì jogún rẹ̀ pẹ̀lú ilé àti màlúù. Mo ń ké pé n kò ní ṣẹrú ẹnikẹ́ni, ẹrú mi ló sì ń di ibi tí mo dúró lé mú. N kò rí i nígbà náà. Irọ́ ni, mo rí i. Mo gbójú kúrò ni.

Ogun dé, wọ́n sì ṣẹ́ kèké láti yan àwọn tó máa lọ. Orúkọ mi jáde. Jabẹsi arúgbó, tó fẹ́ràn ọba, tí mo máa ń fi ṣẹ̀sín ní gbangba, fọwọ́ bo ẹnu rẹ̀ tí kò léyín, ó ní, “Asahẹli, ikú tó wù ọ́ ti dé o. Jáde lọ pàdé rẹ̀, àlejò ẹ ni!” Gbogbo ọjà bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ nígbà tí mo délé, mo sá lọ sí àká kí ẹnikẹ́ni má baà rí ẹ̀rù tó ń bà mí. Inú àká yẹn ni mo ti bá Kuako, ó ń rẹ́ irun àgùntàn. Mo ní, “Kuako, lọ jagun nípò mi. Lọ́jọ́ tóo bá padà dé, o ti dòmìnira, ìwọ àti Dina ìyàwó ẹ.” Ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó ní, “Ọ̀gá, ẹ tún un sọ níwájú Ìyáàfin.” Ketura aya mi dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú korobá wàrà lọ́wọ́. Mo gbọ́wọ́ sókè ọ̀run, mo tún un sọ. Kuako ní, “Bí mo bá wá kú síbẹ̀ ńkọ́?” Mo ní, “Wàá dòmìnira lọ́run nìyẹn.” Mo fi ẹ̀rín dá a lóhùn! Ẹ gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu ọmọ ènìyàn.

Níbi tí wọ́n ti ń gba àwọn ọmọ ogun, akọ̀wé bi í pé kí lorúkọ ìdílé rẹ̀. Ó ní kò ní. Akọ̀wé ní, “Sọ èyí tó bá wù ẹ́, jàre, àwọn èèyàn wà lẹ́yìn ẹ.” Ó ronú díẹ̀, ó ní, “Ẹ kọ Òmìnira.” Àwọn tó wà lórí ìlà fi í rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí Kuako wà lójú ogun, tí yìnyín jẹ ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ nítorí pé kò ní bàtà, èmi jókòó nínú ìgbìmọ̀ ìlú, mo ń dá ẹjọ́ ẹni tó fẹ́ràn òmìnira tọkàntọkàn àti ẹni tí kò fẹ́ràn rẹ̀. Mò ń jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀, mo sì ń sanra. Àlàáfíà dé, Kuako sì padà wọlé lọ́jọ́ kan tí igi ápù ń tanná, ó ń tiro, ẹ̀wù ológun rẹ̀ ti já létí. Ó ní, “Ọ̀gá, mo ti dé.” Mo gbá a mọ́ra níwájú gbogbo ènìyàn. Dina sunkún débi pé kò lè se oúnjẹ.

Mo ní kó jẹ́ ká kórè àlìkámà ná. A kórè rẹ̀. Mo ní kó jẹ́ ká fún ápù ná. A fún un. Ogun ti sọ nǹkan di ọ̀wọ́n, ọwọ́ oko kò tó, mo sì rí i pé bí àwọn méjèèjì bá lọ, èmi fúnra mi ni n ó máa di ohun èlò ìtúlẹ̀ mú. Ohun tó wà ńbẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má wá ìdí tó tóbi. Kuako wá bá mi, ó ní, “Ọ̀gá, ogun yín ti parí. Tèmi ni kò tíì parí. Bó bá di dandan, màá lọ bá adájọ́. Àwọn ológun ẹgbẹ́ mi á jẹ́rìí sí i pé ìlérí yẹn ni mo gbà lọ.” Ketura gbọ́, ó ní, “Ọkọ mi, èmi náà á jẹ́rìí. Etí mi méjèèjì ló gbọ́ ọ.” Ìtìjú ni kò jẹ́ kí n sùn, kì í ṣe ẹ̀rí ọkàn. Kí wọ́n pe èmi akọrin òmìnira lẹ́jọ́ lórí òmìnira!

Ní ilé ọtí létí èbúté, mo bá Kápútẹ́nì Obẹdi pàdé, ọkùnrin kan tí ọkọ̀ rẹ̀ máa ń yọ́ wọ àwọn erékùṣù ìrèké tí ọba Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń ṣàkóso. Mo sọ fún un pé mo ní ẹnì kan láti tà. Ó bi mí pé, “Ṣé ó lágídí?” Mo ní kò lágídí. Ó ní, “Kí ló dé tóo fi ń tà á nígbà náà?” Mo mu ọtí mi. Ó na ọwọ́, mo bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ẹ̀yin ará, ẹni tó bá ọba jà nítorí mi ni mo tún fi ránṣẹ́ sábẹ́ ọba kan náà.

Mo délé, mo ní, “Kuako, múra. A ń lọ bá adájọ́ ní èbúté. Màá tú ọ sílẹ̀.” Ẹ gbọ́ ohun tí mo fi dẹ ẹ́. Dina fi omi gbígbóná fọ ẹ̀wù ológun náà, ó gán etí rẹ̀ tó já, ó sì di àkàrà àgbàdo fún un. Ó fẹ́ bá wa lọ, mo ní kẹ̀kẹ́ ẹṣin kò gbà wá. Lójú ọ̀nà, Kuako kò dákẹ́. Ó ní òun máa yá ilẹ̀ kékeré kan, òun máa gbin àlùbọ́sà, pé ilẹ̀ ibí yìí fẹ́ràn àlùbọ́sà. Ó ní, “Ọ̀gá, mo ti bínú sí yín, ẹ jọ̀ọ́. Mo ti rò pé ẹ fẹ́ dalẹ̀.” Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi! Mo ní kò tó nǹkan.

Nígbà tí a dé èbúté, mo ní ká kọ́kọ́ gbé àgbá ọtí ápù méjì wọ ọkọ̀ Obẹdi. Ó gbé èjìká sí i láìbéèrè. Ó sọ̀ kalẹ̀ sínú ikùn ọkọ̀ pẹ̀lú àgbá kejì, wọ́n sì ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn lórí. Èmi dúró lórí pákó. Ó kan ìlẹ̀kùn náà, ó sì pe orúkọ tó mọ̀ pé ó lè gba òun. Ó ní, “Ọ̀gá! Ọ̀gá, ẹ sọ fún wọn, wọ́n ti tìlẹ̀kùn mọ́ mi o!” Ó rò pé àṣìṣe ni. Èmi ló ń pè pé kí n wá gba òun. Mo dúró. Ó tún pè. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́, mo sì mọ̀ nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn pé ó ti yé e. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, kò pè mí mọ́. Dina ló ń pè, ó ń pè é títí ọkọ̀ fi kúrò létí omi.

Ẹ rò pé ibẹ̀ ló burú dé. Ó kù. Dina dúró lójú ọ̀nà, ó ti wẹ̀, ó ti wé gèlè funfun. Mo sọ fún un pé Kuako ti gba òmìnira, pé bó ṣe gbà á tán ló wọ ọkọ̀ ojú omi, ó ní ìlú yìí ti sú òun. Ó ní, “Kò sọ nǹkan kan nípa mi?” Mo ní, “Kò sọ.” Ó ní, “Ó kàn lọ báyẹn?” Mo ní, “Báyẹn ni.” Láti ọjọ́ náà ni àwọn obìnrin ìlú yìí ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọkọ rẹ̀ rí òmìnira, ó gbàgbé ibi tó sùn sí. Ẹ̀yin obìnrin mélòó kan wà nínú yàrá yìí tí ẹ bá wọn sọ ọ́. Ketura wò mí lójú lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kò sì bá mi jẹun lórí tábìlì kan mọ́ títí ó fi kú. Dina ló tọ́jú rẹ̀ nínú àìsàn. Dina ló ń tọ́jú èmi náà. N kò tú u sílẹ̀ rí.

Àná ni mo sọ ọ́ fún un. Ó ń tún ìrọ̀rí mi ṣe. Mo sọ gbogbo rẹ̀, àyàfi orúkọ ọ̀gá ọkọ̀ tí mo gbàgbé láti dá. Ó di ìrọ̀rí náà mú, mo sì rò pé yóò fi bò mí nímú pa. Ì bá sàn. Ó bi mí pé, “Ó pè mí?” Mo ní, “Ó pè ọ́.” Ó fi ìrọ̀rí náà sábẹ́ orí mi jẹ́jẹ́, ó jáde. Láàárọ̀ yìí ni ọmọ aládùúgbò sọ fún mi pé òun rí i lójú ọ̀nà èbúté, ó ń fi ẹsẹ̀ tó ń dùn ún rìn, ó ń bi gbogbo ẹni tó bá pàdé bóyá wọ́n mọ ọkọ̀ tó ń lọ sí àwọn erékùṣù.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má gba ẹnikẹ́ni gbọ́ nítorí pé ó mọ òmìnira pariwo. Ẹ lọ wo àwọn tó ń bá a gbé. Pásítọ̀, ẹ jẹ́ ẹlẹ́rìí pé mo ti tú Dina sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má mú un bí ẹrú tó sá. N kò lè bẹ Kuako, n kò mọ̀ bóyá ó wà láyé. Ẹ má sì bá mi bẹ Dina, n kò lójú láti bẹ̀ ẹ́. Àmọ́ ẹni tó bá lẹ́ṣin nínú yín, ẹ lé e bá kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ gbé e débi tó ń lọ, kí ẹ sì sọ fún un pé Obẹdi lorúkọ ọ̀gá ọkọ̀ náà. Ẹ má dúró tì mí. Mo lè dá kú. Ẹ máa lọ.